Ìdí Tí Ajá Fi Ń Ṣe Ààbọ̀ Ìdọ̀bálẹ̀ Kó Tó Ṣeré

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹranko ṣì ń fọhùn tí ènìyàn sì ń gbọ́, kò sí ajá kan láyé tó mọ eré ṣe. Ọmọ ewúrẹ́ ń fò sókè fò sílẹ̀. Ológbò ń lé ìrù ara rẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n ajá, iṣẹ́ nìkan ló mọ̀. Ó ń bá ọdẹ lọ sígbó, ó ń ṣọ́ ilé, ó ń jẹun, ó ń sùn.

Bí ajá méjì bá pàdé lójú ọ̀nà nígbà náà, wọ́n á dúró gbagidi bí òpó ilé. Wọ́n á tẹjú mọ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà, kálukú á bá tirẹ̀ lọ. Bí wọn ò bá bá tiwọn lọ, ìjà ni.

Ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Apá, obìnrin amọ̀kòkò kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ó ti dàgbà, ìbàdí a sì máa ro ó, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ṣì le dáadáa. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì ti lọ sílé ọkọ. Ó wá ku òun àti àgbébọ̀ adìyẹ kan nínú ọgbà. Adìyẹ yìí lẹ́nu. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà náà tí kì í sọ̀rọ̀ sí.

Àwẹ̀ró ní àbúrò ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọdẹ́rìndé. Ọdẹ ni Ọdẹ́rìndé, ó sì ní ajá kan. Farabalẹ̀ lorúkọ ajá náà. Ajá pupa ni, etí rẹ̀ kan dúró ṣánṣán, èkejì tẹ̀ bọ́ sójú. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dá, bí òkété bá yọ imú lẹ́nu ihò, Farabalẹ̀ ti dé ibẹ̀ kí àwọn ajá yòókù tó gbérí.

Lọ́dún kan, nígbà ọyẹ́, iná ràn nínú igbó. Afẹ́fẹ́ gbé e, ó sì ká àwọn ọdẹ àtàwọn ajá wọn mọ́ ibi tí wọ́n wà. Gbogbo wọn sá jáde. Farabalẹ̀ nìkan ni èéfín bo lójú, tí kò mọ ibi tí òun ń lọ mọ́. Ó sá sábẹ́ igi ńlá kan. Igi náà ti jóná nídìí. Ó ya, ó wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: gbàà!

Farabalẹ̀ dé ilé láàyè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ tó jó hù padà. Ojú egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ jiná. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wọ inú rẹ̀ lábẹ́ igi náà kò jáde.

Bí wọ́n bá ń gúnyán, yóò ti sá sẹ́yìn ilé. Bí ewé gbígbẹ bá já bọ́, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Bí ẹnì kan bá gbé ìgbálẹ̀ láti gbálẹ̀ lásán, á dùbúlẹ̀ á máa ké. Kò gbó mọ́. Kò lè kọjá ẹnubodè abúlé. Oúnjẹ pàápàá, bí ènìyàn bá dúró tì í, kò ní jẹ ẹ́.

Òfin kan wà láàárín àwọn ọdẹ Ìdí-Apá. Ajá tí kò bá lè wọ igbó mọ́, tí kò sì lè gbó, wọ́n á mú un lọ sí òdìkejì odò, wọ́n á fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ará abúlé ló mọ̀ pé ẹkùn ló ń gbé òdìkejì odò.

Olúọdẹ ránṣẹ́ sí Ọdẹ́rìndé. Ó ní ó ti tó àkókò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró ń po amọ̀ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí àbúrò rẹ̀ ń kọjá lọ. Okùn wà lọ́wọ́ Ọdẹ́rìndé. Farabalẹ̀ wà lẹ́nu okùn náà, ó ki ìrù bọ àárín ẹsẹ̀, ó ń wọ́ ikùn nílẹ̀.

Àwẹ̀ró dìde. "Ọdẹ́rìndé, ibo lẹ̀yin méjèèjì ń lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí."

"Mo ti bi ọ́ ná."

Ọdẹ́rìndé kò lè wò ó lójú. "Òdìkejì odò ni. Olúọdẹ ló rán mi. Ẹ̀yin náà wò ó, kí ni mo lè fi ṣe?"

Àwẹ̀ró wo ajá náà. Ó rí i pé ó ti tọ̀ sára. Ó rí i pé ojú ajá náà kò sí lára òun, kò sí lára Ọdẹ́rìndé. Ọwọ́ òun tí amọ̀ kún ló ń wò, bí ẹni ń retí pé ọwọ́ náà máa tó gbá òun.

Àwẹ̀ró fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn.

"Fún mi," ni ó wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ máa fi í ṣe? Kò lè ṣọ́lé."

"Mi ò ní nǹkan tí olè máa jí. Fi í sílẹ̀ fún mi títí iṣu tuntun á fi jáde. Bí kò bá yí padà nígbà náà, kí Olúọdẹ wá sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀."

Ọdẹ́rìndé lọ jẹ́ iṣẹ́ náà fún Olúọdẹ, Olúọdẹ sì gbà. Bí Farabalẹ̀ ṣe di ẹni ọgbà Àwẹ̀ró nìyẹn. Wọn kò tíì tú okùn ọrùn rẹ̀ tán tó fi sá wọ abẹ́ àká àgbàdo lọ, ó sì há ara rẹ̀ mọ́ igun tó jìnnà jù.

Adìyẹ na ọrùn, ó yọjú wò ó. "Ìyá," ló wí, "kí ni a ó máa pe eléyìí? Àlejò ni àbí ẹrù?"

"Fi í sílẹ̀," ni Àwẹ̀ró dá a lóhùn.

Àwẹ̀ró fẹ́ràn ajá náà láti ọjọ́ kìíní, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó rò pé bí Farabalẹ̀ bá ń rí odó lójoojúmọ́, yóò mọ́ ọn lára. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó fà á jáde, ó so ó mọ́ ìdí odó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún èlùbọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ tútù fún un bó ṣe ń gún un. "Ṣé o rí i? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Odó lásán ni."

Farabalẹ̀ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tútù kankan. Igi tó ń wó nìkan ló ń gbọ́. Ó ké, ó yí gbirigbiri, ó gé okùn náà jẹ títí ẹnu rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀. Okùn já. Ó wọ abẹ́ àká, kò sì jáde fún ọjọ́ méjì. Kò jẹ, kò mu.

Adìyẹ sọ̀rọ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. "Bí ẹnì kan bá so èmi mọ́ ìdí àṣá tó ní kí àṣá mọ́ mi lára, mo máa rò pé ó fẹ́ pa mí ni."

Ojú ti Àwẹ̀ró. Ó lọ jókòó sílẹ̀ nítòsí àká, ó kọ ẹ̀yìn sí i kí ajá náà má baà rò pé òun tún fẹ́ fà á.

"Farabalẹ̀," ló wí, "má bínú. Mi ò mọ̀ ni. Mo rò pé oore ni mo ń ṣe."

Lẹ́yìn náà, ohùn kékeré kan jáde lábẹ́ àká. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ajá náà máa sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ iná.

"Ṣé ẹ ò ní fà mí mọ́?"

"Mi ò ní fà ọ́ mọ́ láé. Ìgbà tó bá wù ọ́ ni kó o jáde. Bí kò bá wù ọ́, wà níbẹ̀."

Àwẹ̀ró mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ó ń gbé oúnjẹ sí ẹnu àká, ó ń kúrò níbẹ̀. Ó gbé iṣẹ́ amọ̀ rẹ̀ wá sí ìtòsí, ó ń mọ ìkòkò, ó ń kọrin jẹ́jẹ́ sínú, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta. Farabalẹ̀ ń jẹun. Ó ń wo ẹ̀yìn obìnrin náà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró jókòó, ó ń yìn àgbàdo kúrò lára ṣùkù. Ṣùkù kan yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí, ó yí, ó yí wọ abẹ́ àká lọ.

Ó yẹ kó fi í sílẹ̀, àbí kí lèèyàn fẹ́ fi ṣùkù kan ṣe? Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí nǹkan pé lójú kan. Ó kúnlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lélẹ̀, ó tẹ àyà sílẹ̀, ó da orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bojú wo inú òkùnkùn náà. Ìdí rẹ̀ nìkan ló wà lókè, ó yọ sókè bí òrùlé abà.

Adìyẹ rí i, ó dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

Farabalẹ̀ náà rí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, òkè ni ó ti máa ń rí ènìyàn. Òkè ni ojú wọn wà, òkè ni ọwọ́ wọn ti ń wá, igi tó wó náà, òkè ló ti wá. Ènìyàn kan kò tíì sọ̀ kalẹ̀ wá bá a lójú ilẹ̀ rí. Ojú tó ń wò ó yìí kéré, ó sún mọ́lẹ̀, amọ̀ gbígbẹ sì wà ní ihò imú rẹ̀.

"Kí lẹ ń wá, Ìyá?" ló béèrè.

"Ṣùkù mi ni."

Farabalẹ̀ wo ṣùkù náà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó na ọwọ́ kan. Ó tì í. Ṣùkù náà yí lọ bá Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró gbá a mú. Kò mọ ohun tó wọ inú rẹ̀. Ó tì í padà.

Ajá náà wò ó. "Ṣé ẹ ò fẹ́ ẹ mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ ẹ."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dá a padà?"

"Ó kàn wù mí ni."

Farabalẹ̀ rò ó díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún tì í. Àwẹ̀ró tún dá a padà. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, lẹ́ẹ̀méje. Ní ẹ̀ẹ̀kẹjọ, ṣùkù náà yí gba ẹ̀gbẹ́ kan, Farabalẹ̀ sì fò mọ́ ọn kó tó lọ. Ìrù rẹ̀ jáde láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mì lẹ́ẹ̀kan. Ó bojú wẹ̀yìn wo ìrù náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

"Ìyá, kí ni à ń ṣe yìí?"

"Eré ni."

"Kí ni wọ́n ń fi eré ṣe?"

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. "Wọn kì í fi í ṣe nǹkan kan. Ìdí tó fi dùn nìyẹn."

Láti ìgbà náà, lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti yẹ̀ lórí, Àwẹ̀ró á nu amọ̀ kúrò lọ́wọ́, á wá síwájú àká, á fi ìgbọ̀nwọ́ lélẹ̀, á gbé ìdí sókè. Bí Farabalẹ̀ bá ti rí i báyẹn, ó mọ̀ pé kò sí ìfà, kò sí okùn, kò sí ìbínú. Àwẹ̀ró kì í lé e wọ abẹ́ àká. Bí ajá náà bá ní ó tó, ó tó nìyẹn. Nígbà míì, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n máa ti ṣùkù, á sì padà sínú igun rẹ̀. Àwẹ̀ró á ní, "O ṣeun, ó dọ̀la," á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀, eré náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Lọ́jọ́ kan, imú Farabalẹ̀ yọ. Ní ọjọ́ kẹta, orí rẹ̀ yọ pẹ̀lú etí tó tẹ̀. Ó pẹ́, ó di pé àárín ọgbà ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwẹ̀ró mú àkísà kan wá, ó di orí kan mú, ajá náà gbé orí kejì há eyín, wọ́n ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. Àwẹ̀ró lágbára jù ú lọ, apá tó ń po amọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí ajá náà gbà á. Nígbà tí Farabalẹ̀ bá gbà á tán, á gbé e ká ọgbà, orí rẹ̀ á wà lókè bí ọmọ ọba.

Adìyẹ á ní, "Àkísà ni o, Farabalẹ̀. Kì í ṣe àgbọ̀nrín."

Farabalẹ̀ kì í dá a lóhùn nítorí ẹnu rẹ̀ dí.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, Àwẹ̀ró lọ bá ìyàwó ilé kejì, Ìyá Ọ̀jẹ́lékè. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bá òun gún nǹkan ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n kó gbé odó rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé tó jìnnà. Ìyá Ọ̀jẹ́lékè rò pé orí obìnrin náà ti ń yí, àmọ́ ó gbà.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n wà nínú eré nígbà tí odó dún lókèèrè: gì, gì, gì. Etí Farabalẹ̀ tó dúró tẹ̀ sílẹ̀. Àwẹ̀ró kò sọ pé má bẹ̀rù. Ó kàn fi ìgbọ̀nwọ́ lélẹ̀, ó ju ṣùkù sápá òsì. Farabalẹ̀ wo ìhà ibi tí odó wà, ó wo ṣùkù. Ó wo odó, ó wo ṣùkù. Lẹ́yìn náà, ó sáré tẹ̀ lé ṣùkù.

Lọ́jọ́ kejì, odó sún mọ́ wọn díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún sún díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyà bá fẹ́ jẹ ajá náà jù, Àwẹ̀ró á ní kí wọ́n gbé e padà sẹ́yìn. Títí odó fi dé ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ odó já bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Ọ̀jẹ́lékè. Ó bá òkúta: gbàà!

Farabalẹ̀ fò. Ó sáré lọ sí abẹ́ àká. Ó dé ìdajì ọ̀nà. Ó dúró.

Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó yí orí padà, ó wo Àwẹ̀ró. Ìbàdí ń ro Àwẹ̀ró lọ́jọ́ náà débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè tẹ̀. Síbẹ̀ ó tẹ̀. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ kan lélẹ̀, ó fi èkejì lélẹ̀, ó gbé ìdí sókè, omijé ń dà lójú rẹ̀ nítorí ìrora.

Farabalẹ̀ padà wá bá a. Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan. Ó fi imú kan ọwọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ògiri, Ìyá Ọ̀jẹ́lékè ń pariwo pé, "Ẹ má bínú o! Ọwọ́ mi ló yọ̀!"

Bẹ́ẹ̀ ni iṣu tuntun ṣe ń sún mọ́. Nígbà tó ku bí ọjọ́ mẹ́sàn-án, Àwẹ̀ró mọ ìṣà ńlá mẹ́rin àti ìkòkò ọbẹ̀ mẹ́wàá tán. Ó tò wọ́n síta kí oòrùn gbẹ wọ́n kó tó sun wọ́n níná. Oòrùn mú dáadáa lọ́jọ́ náà, ó sì lọ sódò lọ bu omi.

Òjò dé lójijì. Kò ṣú pẹ́ rárá. Àrá sán bí ẹni pé ọ̀run fẹ́ ya, Farabalẹ̀ sì wọ abẹ́ àká bí ọfà. Nígbà tí Àwẹ̀ró fi máa sáré dé, omi ti ń ṣàn káàkiri ọgbà. Ó gbé ìkòkò kan, ó yọ́ sí i lọ́wọ́. Ó gbá ìṣà kan mọ́ra, ó wó sí i láyà. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di ẹrẹ̀ padà lójú rẹ̀.

Nígbà tí òjò dá, Àwẹ̀ró jókòó sínú ẹrẹ̀ náà. Ó gbé orí lé orúnkún. Ó ro ìkòkò, ó ro ajá tó tún ti há sí igun. Iṣu tuntun ti dé tán. Kí ni òun máa sọ fún Olúọdẹ? Ó sunkún bí ẹni tí kò sí ènìyàn nílé, nítorí lóòótọ́, kò sí ènìyàn nílé.

Adìyẹ tutù rinrin, ó wá dúró tì í.

Nígbà náà ni nǹkan kan yí wá kan Àwẹ̀ró lẹ́sẹ̀. Ó gbójú sókè. Ṣùkù ni.

Farabalẹ̀ ti jáde. Àrá ṣì ń kùn lókèèrè, ara ajá náà ṣì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó ti jáde. Ó dúró níwájú rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ iwájú méjèèjì, ó fi ìgbọ̀nwọ́ lélẹ̀, ó tẹ àyà sínú omi, ó sì gbé ìdí sókè fíofío. Ìrù rẹ̀ wà lókè pátápátá bí ọ̀págun, ó ń mì.

Ajá kankan kò tíì dúró báyẹn rí láyé.

"Ìyá," ló wí, "mo ti wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣeré."

Àwẹ̀ró fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ẹrẹ̀ bò ó lójú. Ó ti ṣùkù náà padà.

Ní ọjọ́ tí iṣu tuntun jáde, Olúọdẹ wá. Gbogbo àwọn ọdẹ ló bá a wá, ajá méjìlá sì tẹ̀ lé wọn, ṣaworo lọ́rùn wọn. Akíkanjú ló ṣíwájú àwọn ajá náà. Ajá Olúọdẹ ni, ó dúdú, ó tóbi bí àgbò. Òun ló kọ́kọ́ sá jáde nínú iná lọ́jọ́sí, gbogbo abúlé ló sì ń yìn ín pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá.

"Àwẹ̀ró," ni Olúọdẹ wí, "adéhùn pé."

"Ó pé, Bàbá."

"Ibo ló wà?"

Farabalẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká. Kò sí lábẹ́ rẹ̀. Akíkanjú rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Ó ń bọ̀ gbagidi, ọrùn rẹ̀ le, irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde. Àwọn ajá mọ́kànlá yòókù dúró yí wọn ká. Gbogbo ọdẹ mọ ohun tó kàn. Ẹni mẹ́ta ti gbé ọ̀pá.

Àwẹ̀ró rí i tí ara Farabalẹ̀ ń gbọ̀n. Òun alára fẹ́ lọ fi ìgbọ̀nwọ́ lélẹ̀ láàárín wọn. Ó di ògiri mú. Ó mọ̀ pé bí òun bá bá a ṣe eléyìí, òun á máa bá a ṣe é títí ayé.

Farabalẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ lélẹ̀. Ó gbé ìdí sókè.

Akíkanjú dúró sójú kan. "Kí lò ń ṣe yẹn? Ṣé inú ń run ọ́ ni?"

"Rárá. Eré ni."

"Kí ló ń jẹ́ eré?"

"Ó túmọ̀ sí pé mi ò fẹ́ bá ọ jà. Wò ó, ọrùn mi nìyí nílẹ̀."

Akíkanjú kò mira. Ó sún mọ́ ọn, ó fi ẹnu sí etí rẹ̀ tó tẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn ọdẹ má baà gbọ́. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró wà nítòsí, ó gbọ́.

"Mo gbọ́ igbe rẹ lọ́jọ́ iná," ni Akíkanjú wí. "Mi ò lè padà wá. Ẹ̀rù bà mí. Wọ́n ń yìn mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ń sáré lọ́jọ́ náà, kì í ṣe èmi. Ó sì wà lára mi di ìsinsìnyí. Bí mo ṣe máa ń dúró gbagidi yìí, kí wọ́n má baà rí i pé mò ń gbọ̀n ni."

"Ìwọ náà?"

"Gbogbo wa."

Farabalẹ̀ fi imú ti ṣùkù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ síwájú Akíkanjú. Ajá dúdú ńlá náà wò ó pẹ́, ó pẹ́ débi pé ọdẹ kan sọ ọ̀pá kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ iwájú kan, ó na èkejì. Ó ṣe é wọ́gọwọ̀gọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú gúnlẹ̀. Ìdí rẹ̀ gòkè. Ṣaworo ọrùn rẹ̀ dún.

Wọ́n bẹ́ sáré. Wọ́n yí àká po lẹ́ẹ̀mẹta. Ajá kẹta tẹ̀ lé wọn, ẹ̀kẹrin tẹ̀ lé e, kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ méjìléláàádọ́ta fi ń tú eruku nínú ọgbà Àwẹ̀ró, tí ṣaworo ń dún wọ́ọ́-wọ́ọ́, tí adìyẹ sì ń ké lórí òrùlé pé wọ́n ti ba ayé jẹ́. Àwọn ọdẹ gbé ọ̀pá sókè, wọ́n rò pé ìjà ni.

"Ẹ má lù wọ́n!" ni Àwẹ̀ró pariwo. "Ẹ wo ìrù wọn!"

Wọ́n wo ìrù wọn. Wọ́n rọra gbé ọ̀pá sílẹ̀.

Olúọdẹ ń wo Akíkanjú tó dùbúlẹ̀ gbalaja, tí Farabalẹ̀ kékeré gun ikùn rẹ̀. Nígbà tó yá, ó na okùn tó mú wá sí Ọdẹ́rìndé.

"Gba okùn yìí," ló wí. "Lọ fi di igi. Kò sí ajá tí a tún máa fi í wọ́ lọ sí òdìkejì odò."

Farabalẹ̀ kò wọ igbó mọ́ láyé rẹ̀. Bí àrá bá sán, ó ṣì máa ń wọ abẹ́ àká, kì í kàn pẹ́ níbẹ̀ mọ́ ni. Ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró ló gbé títí ó fi darúgbó, ajá yòówù tó bá sì ti igbó dé pẹ̀lú ẹ̀rù, inú ọgbà yẹn ni wọ́n ń mú un wá. Farabalẹ̀ á lọ bá a, á tẹ̀ níwájú rẹ̀, á sì dúró dè é.

Láti ọjọ́ náà ni ajá ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ lélẹ̀, tó ń gbé ìdí sókè, kó tó ṣeré. Àwọn ajá tó wà ní Ìdí-Apá kọ́ àwọn ọmọ wọn, àwọn ọmọ wọn kọ́ àwọn ajá ìlú mìíràn, ó sì tàn ká gbogbo ayé. Ajá kò fọhùn sí ènìyàn mọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n bí o bá rí èyí tó ń ṣe ààbọ̀ ìdọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ, ohun tó ń sọ ni pé, "Ẹ̀rù lè máa ba ìwọ náà. Mo ti wà nílẹ̀. Sọ̀ kalẹ̀ wá."